Ká Tó Sọ Pé A Ti Fẹnu Kò

Kò sí ẹni nínú wa tí kò tíì jókòó sí ìpàdé kan rí, ìbáà ṣe ti ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ti ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ti èésú tàbí ti ẹbí, tí alága béèrè pé, "Ṣé a gbà bẹ́ẹ̀?" tí gbogbo ènìyàn sì dáhùn pé, "A gbà o!" Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń ráhùn lábẹ́ igi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìdajì wọn kò san owó tí wọ́n dá. Kí oṣù méjì tó pé, ẹgbẹ́ ti di méjì. Níbo wá ni "a gbà" ọjọ́sí lọ?

Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n a óò gba ọ̀nà kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò rò. A fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, èyí tí àwọn olóyìnbó ń pè ní open source. Ẹ má sọ pé kò kàn yín. Bí fóònù tó wà lọ́wọ́ yín bá jẹ́ Android, ètò kan tó ń jẹ́ Linux ló wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú rẹ̀, tó ń jẹ́ kí bátìrì, ojú fóònù àti ohùn rẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Linus Torvalds ló bẹ̀rẹ̀ Linux ní ọdún 1991, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní orílẹ̀-èdè Finland. Láti ìgbà náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló ti fi ọwọ́ kún un.

Ohun tó mú kí irú ètò yìí yàtọ̀ ni pé wọn kò fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ pamọ́. Ẹ jẹ́ ká fi í wé obìnrin kan tó ń ta àkàrà, tó wá kọ gbogbo bó ṣe ń ṣe é sára ògiri ìsọ̀ rẹ̀: iye ẹ̀wà, iye ata, bí epo ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó. Ó ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á, kí ó fi dín tirẹ̀, kí ó tún un ṣe bó bá mọ ọ̀nà tó dára jù, kí ó sì fi èyí tó tún ṣe náà fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ètò tó ṣí sílẹ̀ rí.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Àwọn tó ń ṣe é kò gbé ìlú kan náà. Òmíràn ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńlá, òmíràn sì ń fi ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn kò rí ara wọn sójú rí. Kò sí ọba tí yóò dá ẹjọ́ láàárín wọn, kò sì sí ẹni tó lè fi ipá mú ẹlòmíràn ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá fi agídí ti ẹnìkan, ó lè kó ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà, kí ó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀, òfin kò sì ní mú un. Nítorí náà, wọn kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí wọ́n wá bí wọn yóò ṣe máa fẹnu kò. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń dán an wò. Wọ́n ti ṣàṣìṣe, wọ́n ti jà, wọ́n ti tún ilé tò. Ohun tí wọ́n fi ojú wọn rí lè wúlò fún wa.

Ìdákẹ́ àti ìdí

Ní ọdún 1995, ènìyàn mẹ́jọ kó ara wọn jọ láti máa tún ètò kan ṣe. Iṣẹ́ ètò náà ni pé kí ó máa gbé ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí ẹni tó bá béèrè fún un. Apache ni wọ́n sọ ọ́. Ní ọdún 1999, wọ́n sọ ẹgbẹ́ wọn di àjọ tí òfin mọ̀. Olúkúlùkù wọn ló ní iṣẹ́ òòjọ́ tirẹ̀, wọn kò lè máa jókòó ṣèpàdé lójoojúmọ́. Lẹ́tà tí wọ́n ń kọ síra wọn lórí kọ̀ǹpútà ni ìpàdé wọn, ọ̀nà tí wọ́n sì gbé kalẹ̀ kò le. Bí ẹnìkan bá mú àbá wá, ẹni tó fara mọ́ ọn yóò kọ "+1". Ẹni tí kò fara mọ́ ọn yóò kọ "-1". Ẹni tí kò rí ohun kan sọ sí i lè kọ "0".

Ẹ wo agbára tó wà nínú "-1" náà. Bó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n fẹ́ yí padà wà nínú àkọsílẹ̀ ètò fúnra rẹ̀, "-1" ẹnìkan ṣoṣo tó ní ẹ̀tọ́ sí ìbò tó láti dá a dúró, kódà bí ogún ènìyàn bá ti kọ "+1". Ṣùgbọ́n onítọ̀hún gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀, ìdí náà sì gbọ́dọ̀ kan iṣẹ́: "Bí a bá ṣe é báyìí, ibi báyìí yóò bàjẹ́." Bó bá jẹ́ "N kò ṣáà fẹ́" nìkan ló wí, kò dá nǹkan kan dúró. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó mú àbá wá ni kò fẹ́ràn, ìyẹn ò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀. Àtakò tí kò ní ìdí kò ní agbára.

Wọn kì í sì í dìbò lórí gbogbo nǹkan kéékèèké. Ẹni tó fẹ́ ṣe nǹkan lè kéde rẹ̀ níbi tí gbogbo wọn ti ń kàwé pé, "Báyìí ni mo fẹ́ ṣe é." Bí wákàtí 72 bá kọjá, ìyẹn odindi ọjọ́ mẹ́ta, tí ẹnikẹ́ni kò takò ó, ó lè máa bá iṣẹ́ lọ. Kí ló dé tí wọ́n fi ń dúró fún ọjọ́ mẹ́ta? Nígbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́ lọ́dọ̀ àwọn kan, ó ń ṣú lọ́dọ̀ àwọn mìíràn. Ẹnìkan wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹnìkan ń tọ́jú ọmọ.

Àwọn àgbà wa ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òfin àwọn ará Apache kò yàtọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n fi nǹkan kan ṣíwájú rẹ̀ tí àwa máa ń gbàgbé: kí a tó ka ìdákẹ́ ẹnìkan sí ìfọwọ́sí, ó gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì gbọ́dọ̀ ti ní àyè láti rò ó. Àgbẹ̀ tí wọ́n kéde ìpàdé fún ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìpàdé, tó ti wà lóko kí ìròyìn tó dé ilé, kò dákẹ́. Wọn kò pè é ni.

Kíkùn bí oyin

Ẹgbẹ́ mìíràn wà tó ń ṣe òfin tí kọ̀ǹpútà fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. IETF ni wọ́n ń pè é, láti ọdún 1986 ló sì ti wà. Òfin tí wọ́n bá gbé jáde ni ọ̀pọ̀ ètò tó ṣí sílẹ̀ ń tẹ̀ lé. Ní ọdún 1992, David Clark, ọ̀kan nínú àwọn àgbà wọn, sọ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n di mú títí di òní. Ó ní àwọn kò fẹ́ ọba, àwọn kò fẹ́ ààrẹ, àwọn kò sì fẹ́ ìdìbò. Ohun tí àwọn gbà gbọ́ ni ìfẹnukò, bí kò tilẹ̀ gún régé, àti ètò tó ń ṣiṣẹ́ lójú gbogbo ènìyàn.

Bí wọ́n bá wà nínú yàrá kan pọ̀, alága lè ní kí àwọn tó fara mọ́ àbá kan kùn láti imú bí oyin. Lẹ́yìn náà, yóò ní kí àwọn tí kò fara mọ́ ọn náà kùn. Kò sí ẹni tó ń ka orí. Ó lè dà bí eré ọmọdé lójú yín, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù ni alága ń wá. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àtakò ṣì wà nínú yàrá náà. Bó bá gbọ́ pé ó wà, iṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Yóò kọjú sí wọn, yóò ní, "Kí ni ẹ rí tí àwa kò rí?"

Ní ọdún 2014, Pete Resnick kọ ìwé kan fún ẹgbẹ́ náà láti ṣàlàyé àṣà yìí. Ó ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn lè fara mọ́ nǹkan kan kí ènìyàn márùn-ún takò ó, kí ó sì jẹ́ pé wọn kò tíì fẹnu kò rárá, bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì dáhùn ìdí tí àwọn márùn-ún náà mú wá. Ó tún yí i padà: bí èrò rẹpẹtẹ bá ya wọ ìpàdé láti pariwo lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti dáhùn tẹ́lẹ̀, tí wọn kò sì mú ìdí tuntun wá, pípọ̀ tí wọ́n pọ̀ kò ní yí nǹkan padà.

Lójú tiwa, gbòǹgbò ọ̀rọ̀ nìyí. A máa ń rò pé ìgbà tí gbogbo ẹnu bá ń sọ ohun kan náà ni a fẹnu kò. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìgbà tí kò bá sí àtakò kan nílẹ̀ mọ́ tí a kò tíì gbọ́, tí a kò tíì wádìí, tí a kò sì tíì dáhùn ni a fẹnu kò. Ẹni tó takò lè má rí ohun tó ń fẹ́ gbà. Ó lè lọ sílé pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ṣùgbọ́n kò ní lè sọ pé wọn kò gbọ́ tòun, ìyẹn ni kì í sì í jẹ́ kí ó padà wá tú ilé ká. Àwọn baba wa kúkú ti sọ ọ́ tipẹ́ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di mẹ́rin sí mẹ́rin

Kí ẹ má rò pé gbogbo ìgbà ni ó máa ń dùn. Ẹ jẹ́ ká wo Debian, àkójọpọ̀ ètò ńlá kan tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1993. Orí Debian ni wọ́n gbé Ubuntu lé, ètò tí Mark Shuttleworth, ọmọ orílẹ̀-èdè South Africa, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004, tó sì fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà sọ lórúkọ. Àwọn ará Debian ní ìwé òfin tiwọn, wọ́n ní olórí tí wọ́n ń dìbò yàn lọ́dọọdún, wọ́n sì ní ìgbìmọ̀ kan tó ń parí ìjà tó bá jẹ́ ti iṣẹ́.

Ìjà tó mì wọ́n jù dá lórí ètò tó kọ́kọ́ máa ń jí nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà, tó sì ń jí àwọn ètò yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan fẹ́ èyí tó ń jẹ́ systemd. Àwọn kan ní ó ti ń kó iṣẹ́ púpọ̀ jù sábẹ́ ara rẹ̀, pé èyí tó ń jẹ́ upstart ni àwọn fẹ́. Wọ́n sọ ọ́ fún oṣù mélòó kan, kò ní ìyanjú. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2014, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́jọ náà dìbò. Mẹ́rin wà níhìn-ín, mẹ́rin wà lọ́hùn-ún. Òfin wọn ní kí alága fi ohùn tirẹ̀ pinnu bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀. Ó pinnu, systemd sì borí.

Ṣé ìjà tán? Kò tán. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tún dìbò lórí ohun tó jẹ mọ́ ọn. Àbá tó borí ni èyí tó ní kò sí ìdí fún òfin tuntun kankan lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn mélòó kan nínú ìgbìmọ̀ fi ipò wọn sílẹ̀ ní àkókò yẹn. Àwọn mìíràn kó ẹ̀dà àkọsílẹ̀, wọ́n lọ dá Devuan sílẹ̀, ó sì wà títí di òní.

Ohun méjì ni a rí kọ́ níbẹ̀. Èkíní, Debian kò tú ká, nítorí pé wọ́n ti kọ òfin bí wọn yóò ṣe parí ọ̀rọ̀ kí ìjà tó dé. Tọ̀tún tòsì ló mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ohùn alága ni yóò pinnu bí ó bá di ọgbọọgba. Ẹgbẹ́ tó bá dúró dìgbà tí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ kí ó tó máa wá òfin, òfin ẹni tó lágbára jù ni yóò rí. Èkejì, ìbò lè parí ọ̀rọ̀, síbẹ̀ kí ó má parí ìbínú. Àwọn ará Debian mọ èyí. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìbò wọn ní ọdún náà fi ní ìlà kan tó ń sọ pé: ẹ jẹ́ ká tún jíròrò sí i. Ẹni tí kò fẹ́ ìkankan nínú àwọn àbá tó wà nílẹ̀ lè fi ìyẹn ṣíwájú gbogbo wọn. Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́, ìgbà mélòó ni ẹ ti fún ọmọ ẹgbẹ́ yín ní irú àyè bẹ́ẹ̀?

Nígbà tó rẹ olórí

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé kí a wá olórí rere kan, kí ó máa pinnu fún wa, kí wàhálà lè dín kù. Àwọn ará Python gbìyànjú rẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Python jẹ́ èdè tí ènìyàn fi ń kọ ohun tí kọ̀ǹpútà yóò ṣe. Guido van Rossum, ọmọ orílẹ̀-èdè Netherlands, ló ṣe é, ó sì gbé e jáde ní ọdún 1991. Àwọn ènìyàn rẹ̀ fún un ní orúkọ àpọ́nlé kan, pé aláṣẹ olóore títí ayé ni. Bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, òun ni yóò fi ohùn parí rẹ̀.

Ní ọdún 2018, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí àmì kékeré kan báyìí, kólọ́ọ̀nù àti àmì ìdọ́gba tí wọ́n so pọ̀, bóyá kí wọ́n fi kún èdè náà tàbí kí wọ́n má fi kún un. Ọ̀rọ̀ náà gùn, ó sì korò. Van Rossum fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún náà, ó kọ̀wé sí àwọn ènìyàn rẹ̀ pé òun fi ipò náà sílẹ̀. Ó ti sú u láti máa jà tó bẹ́ẹ̀ nítorí àbá kan, kí ó sì wá rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kórìíra ohun tí òun pinnu. Kò yan arọ́pò. Ó ní kí wọ́n lọ pinnu fúnra wọn bí wọn yóò ṣe máa darí ara wọn.

Ẹ ronú sí i. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kò bá olórí mìíràn pàdé nínú ẹgbẹ́ yìí. Síbẹ̀ wọn kò tú ká. Wọ́n kọ oríṣiríṣi àbá sílẹ̀ lórí irú ìjọba tí wọn yóò ṣe, wọ́n jíròrò fún oṣù mélòó kan, wọ́n sì dìbò ní oṣù kejìlá. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún ni wọ́n mú. Ìwé òfin ìgbìmọ̀ náà ní ohun méjì tó wù wá gidigidi. Àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ ní ju ènìyàn méjì lọ nínú àwọn márùn-ún náà, kí olówó kan má baà ra ẹgbẹ́. Èkejì, ìgbìmọ̀ ní agbára púpọ̀, ṣùgbọ́n òfin ní kí wọ́n máa wá ìfẹnukò, kí ó sì ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó lo agbára náà. Nígbà tí wọ́n dìbò yan àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, Van Rossum fúnra rẹ̀ wà lára wọn. Aláṣẹ àná di ọ̀kan nínú márùn-ún, ó sì jókòó.

Olórí rere dára. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó kó gbogbo ẹrù rẹ̀ lé ẹnìkan lórí ń pa ẹni náà lára, ó sì ń pa ara rẹ̀ lára pẹ̀lú.

A lè pínyà, a sì lè padà

Kí wá ni ká ṣe bí a bá sọ̀rọ̀ títí tí kò lójú? Ní oṣù kejìlá ọdún 2014, àwọn tó pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ètò kan tó ń jẹ́ Node.js rí i pé iṣẹ́ kò lọ mọ́, àti pé ilé iṣẹ́ kan ló ń darí rẹ̀ láìsí ohùn tiwọn tó. Wọ́n kó ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n lọ dá io.js sílẹ̀, wọ́n sì ń ṣe ìpàdé wọn ní gbangba. Wọn kò ba ti ẹlòmíràn jẹ́, wọn kò sì sọ ọ̀rọ̀ tí wọn kò ní lè kó padà. Nígbà tó di ọdún 2015, tọ̀tún tòsì jókòó, wọ́n gbé ètò náà sábẹ́ àjọ kan tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n gbé ẹ̀dà tuntun jáde tí iṣẹ́ ẹgbẹ́ méjèèjì wà nínú rẹ̀. Bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rí ẹni bá ṣeré. Ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ jáde ni olórí fi ń rántí pé ó yẹ kí òun tẹ́tí sílẹ̀.

Ta ni kò sí ní ìpàdé?

A kò fẹ́ yìn wọ́n kọjá ààlà. Ọ̀nà wọn ní àléébù tó kàn wá tààrà. Ìfẹnukò tó ń gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ máa ń gbè sẹ́yìn ẹni tó ráyè sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi ń jíròrò. Ẹni tó ní iná mànàmáná tọ̀sán tòru, tí kò sì ń ka mẹ́gà tó kù lórí fóònù rẹ̀, ni yóò sọ̀rọ̀ jù. Ẹni tó wà lọ́jà láti àárọ̀ di alẹ́ kò ní sí níbẹ̀, wọn yóò sì ka ìdákẹ́ rẹ̀ sí ìfọwọ́sí.

Àpẹẹrẹ kan rèé tó kan ẹnu wa gan-an. Àkójọ ńlá kan wà tó ń jẹ́ CLDR, lábẹ́ àjọ Unicode, tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Níbẹ̀ ni fóònù àti kọ̀ǹpútà ti ń mọ orúkọ oṣù, orúkọ ọjọ́ àti orúkọ orílẹ̀-èdè ní èdè kọ̀ọ̀kan. Yorùbá wà níbẹ̀. Yorùbá ti orílẹ̀-èdè Benin tilẹ̀ ní àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí pé ní ilé ẹ̀kọ́ wa níhìn-ín, ɛ àti ɔ ni a ń kọ dípò ẹ àti ọ, a sì ń kọ sh dípò ṣ. Báwo ni wọ́n ṣe ń pinnu ohun tí yóò wọlé síbẹ̀? Àwọn tó gbọ́ èdè náà ni wọ́n ń mú àbá wá nígbà tí wọ́n bá ṣí i sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ìbò tì í lẹ́yìn. Ohùn wọn kò rí bákan náà: ti ẹni tí àjọ tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rán wá wúwo ju ti àlejò lọ. Síbẹ̀ àlejò lè wọlé, ó lè sọ ohun tó mọ̀, ó sì lè kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

Bí àwọn olùkọ́ wa ní Kétu àti àwọn ọ̀dọ́ wa ní Àjàṣẹ́ kò bá yọjú síbẹ̀, ẹni tí kò gbé láàárín wa rí ni yóò sọ bí fóònù yóò ṣe máa kọ èdè wa. Kò ní jẹ́ ẹ̀bi ẹni náà. Wọ́n kéde, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, àwa ni a kò wọlé.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta gàrí fẹ́ kí owó èésú máa gba orí fóònù wọlé láti ìsinsìnyí lọ. Bí ti tẹ́lẹ̀, alága yóò béèrè, gbogbo wọn yóò ní a gbà, ìyá àgbà kan tí kò ní fóònù yóò dákẹ́, kò sì ní wá sí ìpàdé tó kàn. Bí ti àwọn tí a ń sọ yìí, wọn yóò kéde àbá náà ní ọjọ́ ọjà kan, wọn yóò sì dúró títí di ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e. Wọn yóò béèrè ẹni tó ní ìdí láti takò ó. Ìyá àgbà yóò ní, "Èmi kò ní fóònù, owó tí wọ́n ń yọ lórí rẹ̀ sì pọ̀ ju èrè mi lọ." Akápò yóò dá a lóhùn: ẹni tó bá fẹ́ lè máa mú owó tirẹ̀ wá lọ́wọ́ ní ọjọ́ ọjà, ẹgbẹ́ ni yóò sì san owó tí wọ́n ń yọ. Akọ̀wé yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Ìpàdé yìí yóò pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò ní sí ìpàdé ìjà lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, a ń rọ àwọn ẹgbẹ́ wa, ní àgbègbè wa gbogbo, kí wọ́n mú ohun mẹ́rin lò. Kí wọ́n kéde àbá ní ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó pinnu, kí ẹni tó wà lóko náà lè gbọ́. Kí ẹni tó bá takò sọ ìdí rẹ̀, kí ẹni tó mú àbá wá sì dáhùn ìdí náà. Kí wọ́n kọ ìpinnu sílẹ̀ pẹ̀lú ìdí rẹ̀, kí wọ́n má fi sí orí akọ̀wé nìkan. Kí wọ́n sì ti fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe parí ọ̀rọ̀ tó bá di mẹ́rin sí mẹ́rin, kí ọjọ́ náà tó dé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ kọ̀ǹpútà, tiyín yàtọ̀. Ìpàdé àwọn tó ń ṣe ohun tí fóònù wa fi ń sọ̀rọ̀ ń lọ lọ́wọ́ báyìí. Wọn kò béèrè orúkọ baba yín, wọn kò sì béèrè ìlú tí ẹ ti wá. Ìdí ni wọ́n ń béèrè. Ẹ wọlé, kí ẹ lọ sọ tiwa.